Aṣọ Tí Màmá Fi Bo Ẹ̀rọ

Ìyá Afẹ́fẹ́ ni mo máa ń pe àbúrò mi obìnrin. Kẹ́mísírì ló kọ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú ló fi ṣiṣẹ́. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi télọ̀, àwọn oníbàárà mi ń rí ohun tí mo rán. Ta ló rí tirẹ̀ rí? Á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí ẹnì kan bá tú sínú afẹ́fẹ́, gbogbo wa la máa mí i."

Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀ lẹ́yìn àdúgbò wa, ọ́fíìsì ìjọba tí àbúrò mi ti ń ṣiṣẹ́ ní kó máa yẹ èéfín ibẹ̀ wò. Ojú fèrèsé màmá wa ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí, torí pé olè ò lè gbé e níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń fa afẹ́fẹ́ gba inú bébà funfun roboto kan kọjá. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á wá mú bébà náà, á lọ wọn ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ọn.

"Mò ń bá ẹ tọ́jú ẹ̀ o," màmá á ní. Wọ́n á sì wúkọ́.

Ọdún mẹ́ta ló fi wọ̀n ọ́n. Èéfín ń ta wá lójú, àwọn ará àdúgbò ń ráhùn, bébà ò dúdú. Àbúrò mi kọ̀wé sí ọ́fíìsì pé afẹ́fẹ́ wa kò tíì burú ju bí òfin ṣe gbà lọ, ilé iṣẹ́ náà sì ń bá iṣẹ́ lọ. Inú bí mi gan-an. Mo ní, "Ṣé bébà ló nímú, àwa ò nímú?" Ó ní ohun tí òun bá wọ̀n lòún lè sọ.

Ikọ́ yẹn ló pa màmá.

Lọ́jọ́ kẹta tí a sin wọ́n, a ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́. Àbúrò mi rí aṣọ kóńkó kan lábẹ́ ìrọ̀rí, àárín rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Funfun ni nígbà tí mo gé e fún màmá. N ò bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Aládùúgbò tó ń bá wa gbálẹ̀ ló là wá lóye: "Aṣọ ẹ̀rọ nìyẹn. Bí èéfín bá ti ń bọ̀, wọ́n á sáré fi bò ó lẹ́nu. Wọ́n ní ẹ̀rọ ọmọ àwọn ò gbọdọ̀ dọ̀tí."

Àbúrò mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Wọ́n bo ẹ̀rọ," ó ní, "wọn ò bo imú ara wọn. Mi ò sì sọ fún wọn rí pé kó lè dọ̀tí ni mo ṣe gbé e síbẹ̀."

Mo ní kò mọ̀ọ́mọ̀. Mo ní bó bá fagi lé ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ pé afẹ́fẹ́ wa ò burú, bóyá ni wọn ò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ní ti màmá, ẹ̀pa ò bóró mọ́," ó ní. "Àmọ́ àwọn ọmọ ṣì ń mí ládùúgbò yìí."

Ó fẹ́ yẹ aṣọ náà wò bóyá òjé wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n bá òun gé ibi tó dúdú níbẹ̀. Sísọ́ọ̀sì tí mo fi gé e fún màmá ni mo tún fi gé e.

Ó gbé fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì lé orúnkún, ó ń kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tó gba ìdọ̀tí náà jọ, ó kọ orúkọ màmá.