Ẹni Tó Bó Ìyá Igi

Ní gbogbo ẹsẹ̀ òkè Ijim nílẹ̀ Kom, níbi tí wọ́n ti ń pe ìyá ní Nawain, kò sí ẹni tí kò mọ ẹnu Nawain Funkuin. Bí o bá wú gbòǹgbò láìfi erùpẹ̀ bo ìyókù padà, yóò bú ọ. Bí o bá já ewé ju èyí tí o nílò lọ, yóò béèrè bóyá ọbẹ̀ lo fẹ́ fi í sè tàbí ibùsùn lo fẹ́ fi í tẹ́. Àgbo ọmọdé ni iṣẹ́ rẹ̀: ikọ́, ibà, inú rírun àti gìrì. Opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ìlú ńlá, òun nìkan ló sì ń gbé ilé tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kún fún ewé títí dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní Ọlọ́pàá Ewé, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójú rẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ràn etí wọn.

Òun àti àwọn oníṣègùn ìlú jọ ní ọgbà kan létí igbó. Ilẹ̀ ìdílé ìyá rẹ̀ ni, nítorí ọ̀dọ̀ ìyá ni ogún ń gbà wá fún ọmọ Kom, àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin, Bobe Diang (Bobe ni wọ́n ń pe bàbá), sì ni olórí ilẹ̀ náà, òun kan náà ni olórí ẹgbẹ́. Wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀ nígbà tí àwọn tí ń ra èèpo igi láti òkèèrè jẹ́ kí wọ́n bó igbó náà kanlẹ̀, tí igi ń kú lórí ìdúró. Òfin ọgbà kò le. Ẹni tó bá ní ọwọ́ tó lè gbin nǹkan, kó wọlé: ọmọ ilẹ̀, àlejò, opó tí àwọn àna ti gba oko lọ́wọ́ rẹ̀. Funkuin ló jà fún òfin yẹn títí wọ́n fi gbà, òun náà ló sì mú Dijja wọlé.

Obìnrin Mbororo ni Dijja, Fúlàní orí òkè, tí ilé wọn kò jìnnà sí ọgbà náà. Orí òkè yẹn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń pè é ní àlejò. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mú ọkọ́ wá, ọkùnrin kan kùn pé, "Ẹ ti mú un wọlé, ó kù kí màlúù rẹ̀ wọlé."

Funkuin dá a lóhùn pé, "Màlúù tó bá wọlé, èmi ni n ó fún un ní ọkọ́. Bóyá yóò ṣiṣẹ́ jù ọ́ lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ Funkuin ni Dijja máa ń jókòó sí bí wọ́n bá ń ṣa ewé. Ó mọ ewé tí ń wo màlúù, èyí tó sì pọ̀ nínú wọn ń wo ènìyàn pẹ̀lú. Òun ló kọ́ wọn pé bí wọ́n bá bó èèpo lára igi, kí wọ́n po ìgbẹ́ màlúù tútù mọ́ amọ̀, kí wọ́n fi lẹ ojú ọgbẹ́ náà kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́. Funkuin tí ń kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́ kò mọ èyí tẹ́lẹ̀, kò sì tijú láti kọ́ ọ.

Igi ńlá kan wà láàrin ọgbà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Igi. Èèpo rẹ̀ ni oògùn fún àgbà ọkùnrin tí ìtọ̀ há mọ́ nínú, èso rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gbin gbogbo ọmọ igi tó wà nínú ọgbà náà. Ọmọdé paapaa mọ bí a ṣe ń bó o. Apá ìlà oòrùn àti apá ìwọ̀ oòrùn la máa bó, a ó fi apá méjì tó kù sílẹ̀ kí igi máa rí ohun mu. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ bá san pátápátá, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, a ó tó bọ́ sí apá méjì yòókù. Ẹni tó bá bó o yí ká, ó ti pa á.

Nínú òjò ọdún náà ni ìtọ̀ há mọ́ Bobe Diang. Ó ń ké bí ọmọdé, ikùn rẹ̀ le, ó di ọwọ́ Funkuin mú, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo mọ ewé. Má jẹ́ kí n kú ikú ẹ̀sín yìí." Ọ̀nà ilé ìwòsàn ti di ẹrẹ̀, ọkọ̀ kò lè kọjá. Funkuin mú àdá, ó wọ inú ọgbà lọ ní òun nìkan, nínú ìkùukùu tí ènìyàn kò fi lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ kò tíì gbà pé kí wọ́n fọwọ́ kan igi náà. Ọgbẹ́ àtijọ́ kò tíì san. Ó bó apá àríwá, kò tó. Ó bó apá gúúsù. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ń fi èèpo díẹ̀ sílẹ̀ láàrin ọgbẹ́ tuntun àti ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ohun tó fi sílẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Kí a má parọ́ fún un: ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Obìnrin tó ti bó èèpo láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọge kò nílò ojú kó tó mọ̀ pé òun ti bó o jù.

Nígbà tí òjò dá díẹ̀, ó gun òkè lọ sílé Dijja, ó bu ìgbẹ́ màlúù tútù sínú agbọ̀n.

Dijja bi í pé, "Nawain, ṣé ọgbẹ́ tuntun ni?"

"Rárá o. Ti àtijọ́ ni, òjò ti fọ amọ̀ rẹ̀ dànù."

Ó padà, ó lẹ ọgbẹ́ náà dáadáa, ó lọ se èèpo fún Bobe Diang. Bàbá náà mu ún, ìtọ̀ sì dà. Ó mu ún títí ara rẹ̀ fi yá, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í mu ògùrọ̀. Kò béèrè ibi tí èèpo náà ti wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ òun ni olórí ọgbà.

Ọyẹ́ dé, ewé Ìyá Igi pọ́n, wọ́n sì ń já bọ́. Wọ́n pe ìpàdé ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ọkọ́ nílẹ̀ Kom, gbogbo ẹgbẹ́ sì jókòó yí igi náà ká. Bobe Diang fi ọ̀pá rẹ̀ ha ara igi náà.

"Ẹ wo èyí. Wọ́n ti bó o yí ká. Ẹ tún wo èyí: ìgbẹ́ màlúù. Ta ló ní màlúù láàrin wa?"

Ẹnì kan ní, "Ẹ má wò mí o, ewúrẹ́ ni tèmi." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dùn létí.

"Dijja, kí lo rí sọ?"

"Èmi kọ́, Bobe."

"Ṣebí ẹ̀yin náà ń fi èèpo yìí ṣe oògùn màlúù? Bí kì í bá ṣe ìwọ, ta ni?"

Dijja wo ojú Funkuin tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò wò ó pẹ́. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo sọ."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Funkuin wà lọ́jà. Ẹnu tó ń bú gbogbo ayé, ọjọ́ náà ló pa dé. Ó la ẹnu, ikọ́ ló jáde, ó sì fi etí aṣọ nu ètè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lé Dijja kúrò nínú ọgbà. Wọ́n fi ẹ̀gún dí ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà lọ sí odò, kí ẹsẹ̀ Mbororo má baà tún dé ibẹ̀, àwọn ọmọ Dijja sì wá ń ru omi yí ẹ̀yìn òkè ká. Wọ́n pín ebè rẹ̀. Èyí tó dára jù, tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, Bobe Diang fi í fún Funkuin.

Kò lè ro ó. Kò lè gbin nǹkan kan sí i. Bó bá dé ibẹ̀, àyà rẹ̀ á já bíi pé olóko ń bọ̀. Ní àárọ̀, ó ń rí àwọn ọmọ Dijja lókèèrè pẹ̀lú ike omi lórí, á sì yí ojú sẹ́yìn. Fùfú àgbàdo àti ẹ̀fọ́ ògùmọ̀ tó fẹ́ràn jù kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin kan wú egbòogi tigbòǹgbò-tigbòǹgbò níwájú rẹ̀, Funkuin wò ó, kò sọ nǹkan kan. Ọmọ náà sáré lọ sọ fún àwọn yòókù pé Nawain ń ṣàìsàn.

Irú ẹjọ́ wo ni òun tún lè bá ẹnikẹ́ni rò? Ìbéèrè tó ń bi ara rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà á láti tú àṣírí Bobe Diang, ojú ń tì í nítorí orúkọ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ìdí méjèèjì jọ jẹ́ ìwà ojo.

Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó ṣe ohun tí ọmọ Kom ń ṣe. Ó já pèrègún. Ní ilẹ̀ wọn, bí a bá fi pèrègún lé ẹni tí a ṣẹ̀ lọ́wọ́, tó sì gbà á, ìjà ti parí, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ó gun òkè lọ ní ọ̀sán, ó bá Dijja níbi tó ti ń da wàrà sínú igbá, ó na ewé náà sí i.

"Gbà, jọ̀ọ́. Mo ti ṣẹ̀ ọ́."

Dijja kò na ọwọ́. "Nawain, mo ti rí ewé yìí lọ́wọ́ yín rí, ṣùgbọ́n ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Bí mo bá gbà á, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó máa dá a sílẹ̀ mọ́."

"Èmi náà ńkọ́?"

"Ìwọ náà kò ní dá a sílẹ̀."

"Àwọn tó lé mi, wọn ò ní gbọ́ ọ láéláé nìyẹn?"

Funkuin fa ewé náà sẹ́yìn díẹ̀.

"Ẹ gbé ewé tí ń pa ẹnu dé wá fún ẹni tí kò sọ̀rọ̀. Ta lẹ fẹ́ pa lẹ́nu mọ́ gan-an?"

"Dijja..."

"Ilé mi lẹ ti bu ìgbẹ́ yẹn. Mo bi yín bóyá ọgbẹ́ tuntun ni, ẹ ní rárá. Ṣé ẹ rò pé mo ti gbàgbé ni?"

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ lójú gbogbo wọn?"

Dijja rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Kí èmi Mbororo na ìka sí Nawain Funkuin lórí ilẹ̀ ìdílé ìyá rẹ̀? Wọn á ní mo bó igi tán, mo tún parọ́ mọ́ àgbà. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n máa gbà gbọ́. Ẹnu yín ni mo jókòó tí mo ń retí. Mo retí ẹ̀ títí ó fi sú mi."

Funkuin sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú pèrègún rẹ̀ lọ́wọ́. Ó sunkún lójú ọ̀nà láìfi pa mọ́, kò sì bìkítà fún ẹni tó rí i.

Nígbà tí ẹgbẹ́ tún pàdé, kò jẹ́ kí wọ́n kí ara wọn tán. Ó dìde.

"Èmi ni mo bó Ìyá Igi. Kì í ṣe Dijja. Èmi ni."

Bobe Diang ní, "Jókòó, Funkuin. Ó rẹ̀ ọ́."

"Kò rẹ̀ mí. Inú òjò ni mo bó o, mo mọ̀ pé mo ti bó o jù, mo sì lẹ ìgbẹ́ mọ́ ọn bí Dijja ṣe kọ́ mi. Ẹ fi ohun tó kọ́ wa ṣe ẹ̀rí mọ́ ọn, mo sì dákẹ́."

Obìnrin kan pariwo, "Kí lo fẹ́ fi èèpo ṣe nínú òjò, ìwọ alágbo ọmọdé?"

Funkuin yíjú sí àbúrò ìyá rẹ̀. "Bobe, ẹ̀yin lẹ mu ún. Ẹ mu ún, ara yín yá, ẹ sì fi ara tó yá náà dìde lé Dijja jáde."

Bàbá náà dìde, ó ní, "Ìtorí Mbororo lo ṣe tú mi sí ìhòòhò lójú ayé?"

"Ìtorí Dijja ni. Ó ní orúkọ."

Bobe Diang mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ sílé, kò sì bá Funkuin sọ̀rọ̀ mọ́ títí di òní. Àwọn kan bínú sí Funkuin pé ì bá kúkú gbé e sínú, ju kí gbogbo ẹgbẹ́ di ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n bá a kó ẹ̀gún náà kúrò lọ́nà odò lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì jọ gun òkè lọ bẹ Dijja pé kó padà wá sórí ebè rẹ̀.

Dijja gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún wọn ní wàrà mu. Ó ní òun dúpẹ́, pé àwọn ọmọ òun yóò gba ọ̀nà odò láti ọ̀la. "Ní ti ebè, ẹ fún ẹlòmíràn. Opó kò wọ́n nílùú."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò yí ohùn padà. Nígbà tí àwọn yòókù ti ń lọ, Funkuin dúró.

"Dijja, ṣé o kò lè dárí jì mí ni?"

"Mo ti dárí jì yín, Nawain. Kò sí nǹkan kan nínú mi sí yín." Ó gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún bu wàrà sí i, ó dá a padà fún un. "Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń lé mi, ẹ̀gbẹ́ yín ni mo jókòó sí. Mi ò lè jókòó síbẹ̀ mọ́."

Funkuin mu wàrà náà tán, nítorí a kì í fi wàrà sílẹ̀ nílé Mbororo. Ó dúpẹ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé ní òun nìkan.