Orí Ehoro Tó Yẹ Kó Lọ sí Ọ̀yọ́

Mo rántí ọ̀sán Sátidé kan tí òórùn ehoro bíbọ̀ gba gbogbo ilé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò síyọ̀, kò sáta nínú ìkòkò náà, torí ọmọ ọmọ mi ní eegun rẹ̀ lòun fẹ́. Ó ti rẹ̀ mí. Ìkòyí-Ilé ni mo ti lọ ra ehoro yẹn, ọ̀kadà gbé mi dé Ọjà Igbó nílùú wa, ẹran ń ta mí nípàá nínú apẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì ti wú kí n tó délé.

Yorùbá lọmọ náà ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì l'Ọ́yọ̀ọ́. Èmi rò pé ẹni tó ń kọ́ èdè ìyá rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Àṣé wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ fi sáyẹ́ǹsì kan tì í, bàọ́lọ́jì ló sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó féèlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún féèlì, kò ní gba ìwé ẹ̀rí. Iṣẹ́ tí wọ́n wá fún un ni kó se ehoro, kó ṣa eegun rẹ̀, kó fi gọ́ọ̀mù tò ó sórí pákó bó ṣe wà láàyè, kó gbé e wá ní Mọ́ńdè.

Mo ní, “Ohun tí Ọlọ́run ti tò tán, kí lẹ tún fẹ́ tò níbẹ̀?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti rẹ òun náà.

A ń ya ẹran kúrò lára eegun lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yà wọlé. Òun làgbà ilé wa. Bí a bá pa nǹkan, òun ló ń jẹ orí. Mo ní kọ́mọ náà bu ẹran fún Bàbá, mo lọ bu omi wá. Kí n tó dé, mo gbọ́ kàù!

Ọmọ náà ti kúnlẹ̀, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì gbé orí ehoro fún àgbà, bí mo ṣe kọ́ ọ láti kékeré, Bàbá sì ti fi eyín fọ́ ọ. Kò tilẹ̀ ronú. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ṣọ́ ilé ló fẹ́ lé e kúrò nílé ìwé.

Ó kígbe, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á mu! Màá gbé e lọ sílé ìwé!”

Bàbá wo orí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò mí. “Ìyàwó, ta ló ni orí yìí gan-an? Ṣé mo ti kú ni?”

“Ẹ̀yin lẹ ni ín, sà,” lọmọ náà dáhùn. “Tíṣà ló fẹ́ yá a.”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó tu èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì jókòó tì wá, ó ń fi ojú tí kò ríran dáadáa wá àfọ́kù nílẹ̀. “Èyí ńkọ́? Ṣé kì í ṣe tèmi?” Ọmọ náà ń lẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku ẹyọ kan tí a ò rí. Ó ní láti jẹ́ pé Bàbá ti gbé e mì.

Nígbà tí tíṣà bi í l'Ọ́yọ̀ọ́ pé ta ló fọ́ orí, ó ní, “Àgbà ilé wa ni, sà. Òun ló tọ́ sí.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fún un ní máàkì tó kàn lè gbà á là.

Yorùbá lọmọ ọmọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé báyìí. Kò tíì sẹ́ni tó bi í léèrè eegun ehoro. Bàbá ti lọ sọ́run. Ehoro orí pákó náà wà lójú fèrèsé mi, pẹ̀lú ihò níwájú orí rẹ̀ níbi ẹyọ tí a ò rí. Bí wọ́n bá padìẹ ní ilé yìí, èmi ni wọ́n ń gbé orí fún. Mo máa ń gbà á, mo máa ń ṣàdúrà fún ẹni tó gbé e wá. Mi ò léyín tí màá fi fọ́ ọ mọ́.