Ajá Tí Kò Jẹ́ Bíńgò

Bí ẹ bá dé Tafo, ní Kumasi ilẹ̀ Ghana, tí ẹ ń béèrè Sàbírátù, wọ́n á ní Sàbírátù wo? Ṣùgbọ́n ẹ béèrè Ìyá Alágádágodo, ọmọdé tó ń lọ ra kókò, ògì àwọn ará ibẹ̀, láàárọ̀ á mú yín délé. Àgádágodo ló ń tà lọ́jà: ńlá, kékeré, ti ilẹ̀kùn, ti àpótí. Ó mọ èyí tí olè lè fi ìṣó ṣí, ó sì mọ èyí tí olè á wò lẹ́ẹ̀kan, tí á bá tirẹ̀ lọ. Obìnrin kúkúrú ni, kì í pariwo, kì í bá ènìyàn jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣẹ̀ ẹ́, ẹ gbé. Kò níí bú yín o. Á kí yín, á bi yín bóyá ẹ sùn dáadáa, á wá ti ọ̀rọ̀ yín mọ́ inú títí ọjọ́ tó bá fẹ́ ẹ lò.

Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Nígbà tí ìjọba Ghana ní kí àwọn àlejò kó ẹrù wọn kí wọ́n máa lọ sílé, bàbá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ní Kumasi, ó mú kọ́kọ́rọ́ dání, ó wọ lọ́rì lọ. Nígbà tó fi máa padà dé lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ẹlòmíràn ti ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n sì ti pààrọ̀ àgádágodo. Bàbá kò pẹjọ́, kò jà. Ó kàn yan ọkùnrin náà lódì títí ọlọ́jọ́ fi dé. Inú àpò jalàbíà rẹ̀ ni wọ́n ti bá kọ́kọ́rọ́ náà lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ wẹ òkú rẹ̀. Sàbírátù gbà á, ó so ó kọ́ sókè ìsọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe títà.

Ẹni tí ìtàn yìí bá wí ni Alájì Bákàrè, ọmọ Ìlọrin, tó ń ta oúnjẹ adìyẹ. Agboolé kan náà ni òun àti Sàbírátù ń gbé, Alájì ló ni yàrá mẹ́ta iwájú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá oyè Máàjí, ìyẹn akápò mọ́ṣáláṣí àwọn Yorùbá. Ó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ti wé láwàní fún.

Òjò ńlá kan rọ̀ lọ́jọ́ kan. Sàbírátù ń lọ wọ tírótíró, bọ́ọ̀sì akérò, lójú títì, ló bá gbọ́ igbe tín-ín-rín nínú gọ́tà. Àpò kan ni wọ́n fi okùn dì lẹ́nu. Ó tú u. Ọmọ ajá márùn-ún ló wà níbẹ̀, mẹ́rin ti kú. Ó kó wọn dà sílẹ̀, ó gbé ẹyọ kan tó kù sábẹ́ ìborùn, ó wá yẹ àpò náà wò. Àpò oúnjẹ adìyẹ ni, orúkọ ṣọ́ọ̀bù Alájì Bákàrè sì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Ó rántí pé abo ajá kan ti bímọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà láìpẹ́ yìí.

Kò lọ sọ́jà mọ́. Ó gbé ajá wálé, ó fọ àpò náà, ó sì sá a sórí okùn níwájú ilẹ̀kùn Alájì gan-an.

"Haba, Ìyá Kàúsárà!" ni Alájì wí. "Ajá? Nínú ilé mùsùlùmí?"

"Inú àpò ni mo ti rí i, Alájì. Ẹ bá mi wo àpò náà dáadáa, bóyá ẹ mọ ẹni tó ni í."

Alájì wò ó, ó yíjú kúrò. Nígbà tó ṣe, ó bi í pé kí ló ń pe ajá náà.

"Ẹ̀sanńbọ̀," ni Sàbírátù wí.

Yorùbá kì í fi orúkọ ajá ṣòfò. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò bá lè sọ fún aládùúgbò, ajá ni wọ́n fi ń rán. Àwọn Aṣante pàápàá mọ àṣà yìí dáadáa, nítorí náà kò sí ẹni tó wá ògbufọ̀ nínú agboolé náà. Àràárọ̀, tí wọ́n bá ti kírun àsùbá tán, Sàbírátù á dúró sẹ́bàá fèrèsé Alájì, á gbé eegun dání, á ké e tẹ̀dùntẹ̀dùn: "Ẹ̀sanńbọ̀ o! Ẹ̀sanńbọ̀, máa bọ̀!" Ajá á sáré wá. Alájì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ nínú ilé.

Ajá náà kò tíì pé ọdún kan nígbà tí Alájì fi ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó ń fi ẹ̀yìn wa Toyota rẹ̀ jáde ni. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni Sàbírátù wà. Ó rí Alájì tó wo dígí, ó rí i tí ojú rẹ̀ bá ajá, ó sì rí i tó tún tẹ iná mọ́ ọkọ̀. Igbe tí ajá náà ké mú kí gbogbo ilé tú jáde.

"Subhaanallah, n kò rí i," ni Alájì wí. Ó tún wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ajá náà ṣáà ni."

Sàbírátù gbọ́ ìyẹn. Ó fẹ́ kí ohun tó ṣe ajá náà ṣe Alájì. Ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kò sì bẹ Ọlọ́run pé kó mú èrò náà kúrò lọ́kàn òun. Ó gbé ajá sínú abọ́ ìfọṣọ, ó di Ayigya, lọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní Kwadwo.

"Maame, eegun itan ti kán," ni Dókítà Kwadwo wí. "A máa là á, a ó fi irin dè é nínú. Ẹgbẹ̀ẹ́dógún sídì ni. Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ó pẹ́, nítorí bí ẹsẹ̀ yẹn bá kẹ̀, gígé ló kù."

Àgádágodo mélòó lèèyàn máa tà kó tó rí ẹgbẹ̀ẹ́dógún sídì? Kàúsárà, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kàwé ní Ayigya, ya fídíò ajá náà, ó fi nọ́ńbà MoMo tí wọ́n fi ń gba owó lórí fóònù sí i, ó sì gbé e sórí Wasáàpù.

"Mama, abeg, ẹ má dárúkọ Alájì nínú fídíò o."

"Ta ló dárúkọ ẹ̀? Orúkọ ajá mi ni mo dá."

Ní ìsọ̀, Sàbírátù lu ihò sórí agolo mílíìkì kan, ó fi àgádágodo tì í, ó kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẸSẸ̀ Ẹ̀SANŃBỌ̀. Ẹni tó bá sọ sídì kan sí i á gbọ́ ìdajì ìtàn. Ẹni tó bá sọ márùn-ún sí i á gbọ́ gbogbo rẹ̀, tòun torúkọ, títí dórí àwọ̀ ọ̀dà ara àpò. Àwọn kan ní èèwọ̀ ni, pé mùsùlùmí kì í tọrọ owó nítorí ajá. Alfa àdúgbò ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ó ní ẹ̀mí ni ajá náà, sàráà sì ni ohun tí èèyàn bá ṣe fún ẹ̀mí. Alfa fúnra rẹ̀ sọ sídì mẹ́wàá sínú agolo. Òun náà fẹ́ gbọ́ ìtàn ni.

Ìtàn náà rìn ju owó lọ. Nígbà tí agolo àti MoMo fi máa kó ìdajì jọ, ọ̀rọ̀ ti dé etí àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí, wọ́n ti ń bi ara wọn pé ṣé ẹni tó ń di ọmọ ajá sínú àpò ni wọ́n fẹ́ gbé owó Ọlọ́run fún. Hàlímọ̀, ìyàwó Alájì, bá wọlé wá bá Sàbírátù.

"Alájì ní òun máa san gbogbo èyí tó kù. Ṣùgbọ́n ẹ bá a pa orúkọ yẹn dà. Ẹ pè é ní Bíńgò, bí gbogbo ayé ṣe ń pe ajá."

"Ẹ sọ fún Alájì kó tọ́jú owó rẹ̀," ni Sàbírátù wí.

Kàúsárà dúró títí Hàlímọ̀ fi jáde. "Mama, ẹsẹ̀ ajá lẹ fẹ́ kó san ni, àbí ojú Alájì lẹ fẹ́ kó bàjẹ́?"

"Méjèèjì."

"Ẹsẹ̀ yẹn ti ń rùn, Mama."

Ó ń rùn lóòótọ́. Ajá náà kò jẹun mọ́, bí wọ́n bá pè é, ìrù nìkan ló ń mì. Lọ́jọ́ kejì, Sàbírátù jókòó sí ìsọ̀, ó ń wo kọ́kọ́rọ́ bàbá rẹ̀ lókè. Gbogbo ìbínú ọkùnrin yẹn, gbogbo ọdún tó fi yan èèyàn lódì, kò gba páálí kan padà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù jẹun yó, ó sùn, ó sanra. Ó dun Sàbírátù wọnú eegun láti gbà pé bàbá òun gbé ìbínú náà lásán. Ó pinnu pé òun kò níí gbé tòun lásán.

Ó ránṣẹ́ sí Alájì pé òun gbà, iwájú Alfa ni wọ́n sì ti parí ọ̀rọ̀. Alájì fi owó ránṣẹ́ sí Dókítà Kwadwo lójú gbogbo wọn. Sàbírátù gbọ́wọ́ lé Kùránì, ó ní: "Èmi Sàbírátù àti ará ilé mi, a kò níí pe ajá yìí ní Ẹ̀sanńbọ̀ mọ́." Inú Alájì dùn, ó rẹ́rìn-ín. Sàbírátù náà rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa ì bá ti bẹ̀rù.

Wọ́n la ẹsẹ̀ ajá, wọ́n fi irin sí i, ó sì jinná. Sàbírátù mú ìbúra rẹ̀ ṣẹ láìyẹ̀. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, á kàn fi ṣíbí lu abọ́, ajá á sì yọjú. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ da sípírítì tó ń ta ni sójú ọgbẹ́, tàbí kó fi tipátipá gbé oògùn kíkorò sí i lẹ́nu, á pe orúkọ tuntun náà lẹ́ẹ̀mẹta: "Bíńgò! Bíńgò! Bíńgò!" Kò pẹ́ tí ajá fi mọ̀ pé bí èèyàn bá ti ní Bíńgò, kí òun lẹ̀ mọ́lẹ̀ kí òun má mira.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Jímọ̀h tí wọ́n máa fi Alájì joyè pé. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wá fi ọkọ̀ méjì sìn ín. Gbogbo wọn wọ funfun, gbogbo wọn ti ṣe àlùwàlá. Alájì wọ Toyota rẹ̀, ó ṣíná sí i, ló bá rí ajá tó na gbọọrọ sẹ́nu géètì, níbi tó ti ń yá oòrùn.

Ó fọn fèrè. Ajá kò mira. Kò sì sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ajá kí itọ́ rẹ̀ má baà ba aṣọ Jímọ̀h jẹ́.

"Ẹ sún síwájú, á dìde," ni ẹnìkan wí.

Alájì wo ìta. Gbogbo agboolé ti jáde, kò sì sí ẹni tó ń ṣẹ́jú. Kò jẹ́ tẹ iná. Ó sọ̀ kalẹ̀.

"Bíńgò!" ni Alájì ké. Ajá lẹ̀ mọ́lẹ̀. "Bíńgò! Bíńgò!" Ó tún lẹ̀ sí i, ó di ojú.

"Ìyá Kàúsárà, ẹ bá wa pe ajá yín!"

Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni Sàbírátù jókòó sí, ó ń fi òróró sí àgádágodo. "Bíńgò náà ni mo ń pè é, Alájì. Orúkọ kejì, mo ti búra, ẹ wà níbẹ̀." Alájì yíjú sí àwọn ayálégbé yòókù. Wọ́n ní àwọn kò rántí orúkọ náà mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti pa á dà.

"Alájì, àkókò ń lọ," ni àgbà kan wí nínú ọkọ̀. "Kí lorúkọ tó ń jẹ́ gan-an? Ẹ pè é ká máa lọ."

Alájì sún mọ́ géètì. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ajá gbé etí kan sókè. Ó tún un sọ, kò tíì tó. Ló bá tú ohùn sílẹ̀, pẹ̀lú agbádá funfun lọ́rùn, lójú àwọn tó wá fi í joyè: "Ẹ̀sanńbọ̀! Ẹ̀sanńbọ̀, máa bọ̀!"

Ajá dìde. Ó ń tiro díẹ̀díẹ̀ lórí irin tí owó Alájì rà, ìrù rẹ̀ ń jù, ó bọ̀ tààrà, ó sì gbé imú tútù lé agbádá náà. Alájì kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ẹ kú oríire oyè o, Alájì," ni Sàbírátù wí.

Wọ́n wé láwàní fún un lọ́jọ́ náà, a kò níí purọ́. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Tafo ti ń pè é ní Máàjí Ẹ̀sanńbọ̀, títí dórí àwọn awakọ̀ tírótíró. Sàbírátù kò dá sí i. Òun ló búra, àwọn yẹn kò búra.