Ìrọ̀lẹ́ Tí Iná Wà Ní Ìbàfò

Ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ mi ní yunifásítì jí iṣẹ́ ọdún méjì mi kó, mo sì gbẹ̀san. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Afẹ́fẹ́ òṣùpá ni mo ń wò. Ó fẹ́lẹ́ débi pé àwọn kan á ní kò sí rárá. Sódíọ̀mù, èyí tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, wà nínú rẹ̀. Bí oòrùn bá tàn sí i, á yọ ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè bíńtín. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ni mo ń fi awò awọ̀nàjíjìn wá lókè ilé wa ní Ìbàfò, níbi tí a ò tíì kan páànù sí, bí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀.

Sómìlì kan, níbi tí wọ́n ti ń la pákó, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè ńlá kan wà lẹ́nu géètì wọn, sódíọ̀mù kan náà ló wà nínú rẹ̀. Bí ìjọba bá ti mú iná dé, á tàn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì wọnú awò mi. Kí ni mo fẹ́ ṣe sí i? Mo ra ìwé kan, mo ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: iná wà, iná ò sí. Ọjọ́ tí iná bá wà, nọ́ńbà tí mo bá rí nínú awò lọ́jọ́ náà ò wúlò.

Ọ̀gá wá sílé wa lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó jẹ iyán mi tán, ó da gbogbo nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà mi sórí fláàṣì. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ìwé náà fún un.

"Ẹ gbà á, sà. Ẹ ò lè lo nọ́ńbà yẹn láìsí i."

"Gbé ìwé ọmọ sùkúù yẹn kúrò ńbẹ̀ jàre. Dátà ni mo fẹ́."

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀. Orúkọ tiẹ̀ nìkan ló wà lórí rẹ̀. Ó ní òun ti ṣàwárí pé afẹ́fẹ́ òṣùpá a máa ki sí i láwọn ìrọ̀lẹ́ kan. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Ìgbà tó yá ni mo mú ìwé mi, tí mo wo àwọn ìrọ̀lẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná wà. Iná wà. Iná wà. Gílóòbù sómìlì lọ̀gá mi ń pè ní òṣùpá! Mo rẹ́rìn-ín títí ọkọ mi fi sáré jáde wá bi mí pé kí ló dé, mo sì sọ fún un.

"Pè é, kó o sọ fún un kó tó lọ kà á níwájú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀," ló wí. "Ojú máa tì í gan-an o."

"Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn."

Mo wọ aṣọ Sọ́ńdè mi lọ síbi ìpàdé àwọn onímọ̀ tí ọ̀gá ti fẹ́ kà á, mo di ìwé mi sínú ọ̀rá. Nígbà tí ọ̀gá sọ̀rọ̀ tán, mo nawọ́.

"Ẹ kúuṣẹ́, sà. Láwọn ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ yẹn ki, ṣé gílóòbù sómìlì ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò náà?"

Bàbá kan tó jókòó níwájú yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ṣé sómìlì lẹ ti lọ wo òṣùpá ni?"

Òógùn bo ọ̀gá mi. Ó nàka sí mi. "Kì í ṣe èmi ni mo wò ó. Òun ló wò ó! Òun ló ṣe gbogbo ẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ tó kọ̀ láti kọ sórí ìwé, òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ yẹn. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo tú ọ̀rá, mo ṣí ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ọjọ́ kan tẹ̀lé òmíràn. Ọ̀gá ní ó ti tó. Mo ṣáà ń kà á lọ. Nígbà tí mo kà á dé ìparí, mo ṣí i padà sójú ewé àkọ́kọ́, mo tún bẹ̀rẹ̀.