Ẹ̀wù Funfun Rèé, Ìwé Àbúrò Mi Ńkọ́?

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni mí, ìmọ̀ràn ò wọ̀ mí létí mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé "Màmá, ẹ fọwọ́ wọ́nú," kó lọ fi tirẹ̀ wọ́nú. Àbúrò mi obìnrin kú. Ọjọ́ kẹsàn-án tí a sin ín, ilé ìwádìí àrùn tó ti ń ṣiṣẹ́ kọ lẹ́tà sí mi. Ṣé wọ́n bá mi kẹ́dùn ni? Rárá o! Wọ́n ní kí n dá ẹ̀wù funfun ilé iṣẹ́ padà.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi wọ̀ ọ́. Ó ń fọ ìgò, ó ń tọ́jú ohun tíntìntín tí wọ́n ń sìn sínú ìgò, ohun tó bá sì rí, á kọ ọ́ sínú ìwé aláwọ̀ ewé kan. Ikọ́ dá a dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ta ló wá wò ó nínú wọn? Àbí wọn ò mọ̀nà ni?

Ìwé kejì ni mo kà dé. Irun ni mò ń dì. Láàárín ẹsẹ̀ mi ló ti ń ròyìn kòkòrò àrùn fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó gbọ́dọ̀ da àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ kọ bíi tiwa kó tó lè di ọmọ onílé nínú ara wa. Ṣùgbọ́n kò lè dá a bẹ̀rẹ̀."

"Ọ̀lẹ!"

"Olè ni! Nǹkan kékeré tó mú nílé tó ti jáde ló fi ń bẹ̀rẹ̀ àdàkọ nílé tó bá wọ̀. Mo ti rí nǹkan ọ̀hún."

"Bí irun àfikún ni. Bí n ò bá di irun orí rẹ mú, kí ni màá so ó mọ́?"

"Ẹ ti gbọ́ ọ!" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sínú ìwé aláwọ̀ ewé náà lójú ẹsẹ̀.

Orí rẹ̀ ò tíì dì tán tí ọ̀gá rẹ̀ fi dé. "Ẹ má bínú, Màmá. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo fẹ́ yá ìwé yẹn."

Ó gbà á lọ. Ọdún mọ́kànlá rèé, kò tíì dá a padà! Àwòrán ọ̀gá ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn báyìí, wọ́n kọ "Olùṣàwárí" sábẹ́ rẹ̀. Orúkọ àbúrò mi dà? Ọ̀gá, kí lẹ fi sàn ju kòkòrò yẹn lọ? Ẹ mú nǹkan nílé kan, ẹ fi bẹ̀rẹ̀ àdàkọ nílé kejì, ẹ wá di ọmọ onílé. Ojú ò tì yín?

Mo ti fọ ẹ̀wù yín. Mo lọ̀ ọ́, mo rán bọ́tìnnì tó já. Lọ́jọ́ Ajé, èmi fúnra mi ni màá gbé e wá, n ò sì ní jókòó. Ẹ sọ ẹni tó kọ ìwé yẹn lójú gbogbo òṣìṣẹ́.

Ẹ dá ìwé àbúrò mi padà.