Orúkọ Ìyá Mi Nínú Àdúrà Òwúrọ̀

Iṣẹ́ mi ní Àbújá ni kí n máa yẹ omi wò bóyá ó ṣe é mu. Tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn kan ń pa kòkòrò inú omi, ìgò méjì ni à ń lò. A ó fi oògùn sí ọ̀kan, a ó fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ká lè rí ìyàtọ̀.

Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú lójú gbogbo àdúrà wa ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn: ṣé ẹnì kan tilẹ̀ ń gbọ́? N kò lè bi pásítọ̀. Mo bá ní kí n ṣe é bí a ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́. Èmi ni mò ń darí àdúrà òwúrọ̀ nílé wa ní Kárù, ẹni mẹ́fà tí ara wọn kò yá ni mo sì máa ń dárúkọ. Mo kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sí bébà kékeré, mo ká wọn, mo mú mẹ́ta láìwò; lánlọ́ọ̀dù wa bọ́ sínú wọn. Àwọn yẹn ni n ó máa gbàdúrà fún, n ó máa fo àwọn yòókù. Ìyá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, tí orúnkún ń dà láàmú, bọ́ sáàárín àwọn tí n ó fò. Ó ṣe mí bákan, ṣùgbọ́n mo ní ẹni tó bá ń ṣojúsàájú kò lè mọ òótọ́. Ọgbọ́n àgbọ́njù mi nìyẹn.

Bí mo ṣe dé láti ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá báàgì ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, òun náà ti wé gèlè.

"Mọ́mì, níbo lẹ ń lọ?"

"Ilé." Èkìtì ló ń wí. "Ó di ọjọ́ mẹ́tàlélógún lónìí tí o ò dárúkọ mi mọ́. O ń dárúkọ lánlọ́ọ̀dù. Ọmọ tó bá yọ ìyá rẹ̀ kúrò níwájú Ọlọ́run, kò fẹ́ ẹ nílé mọ́."

Mo ṣí ìwé tí mo ń kọ ọjọ́ ìdánwò náà sí: ọjọ́ mẹ́tàlélógún géérégé. Ìyá mi kò mọ̀wé kọ; orí ló fi kà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ omi àti ìgò méjì. Ó gbọ́ ọ tán.

"Èmi wá ni ìgò tí o ò fi nǹkan sí?"

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì.

"Bàbá yín ló máa ń pè mí lórúkọ," ó ní. "Ó ti lọ. Mọ́mì ni ẹ̀yin ń pè mí, Gíráńmà ni àwọn ọmọ yín. Inú àdúrà rẹ nìkan ni mo ti ń gbọ́ orúkọ mi."

Mi ò mọ̀! Lábẹ́ òrùlé kan náà, mi ò mọ̀. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì, mo di orúnkún rẹ̀ mú, mo gbàdúrà, mo sì dárúkọ rẹ̀.

Kò ṣe àmín. Ó ní, "Tún un pè."