Àpótí Ìwé Lókè Ààrò Ìyanja

Kí wọ́n tó parí àwọn ilé ńláńlá Fẹ́sítáàkì, abúlé wa ti wà létí omi lẹ́yìn Amùwò, níbi tí odò ti pín sí ọwọ́ púpọ̀ kó tó wọ ọ̀sà. Ilé pákó là ń gbé. Lọ́dọọdún, ìjì á ti ojú omi wá, á ká òrùlé àwọn kan lọ, omi á sì wọlé. A ò kà á sí ohun bàbàrà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn bàbá wa á wa ọkọ̀ lọ kó páànù wọn nínú igbó ẹ̀gbà, àwọn igi inú omi tó yí wa ká, wọ́n á tún un kàn, a ó sì lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn nìkan ni wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo abúlé ń kó ìwé wọn pamọ́ sí, nínú àpótí onírin kan lábẹ́ tábìlì Bàbá Kátíkíìsì: káàdì ìrìbọmi wa, ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ mùsùlùmí, ìwé ilẹ̀, ìwé ìgbéyàwó. Ẹni tó bá fẹ́ tirẹ̀ á lọ kí Bàbá, á sì jókòó ṣàmín sí àdúrà kó tó gbà á.

Lọ́dún tí mo parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ọlọ́run bá mi ṣe é, mo rí àyè nílé-ìwé girama tuntun kan ní Fẹ́sítáàkì. Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé, kí n mú ẹ̀rí ọjọ́ ìbí mi dání. Ẹni tí kò bá mú un wá, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìjì dé. Lọ́tẹ̀ yìí, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ló ká lọ.

Nígbà tí Bàbá Kátíkíìsì ṣí àpótí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi ló kọ́kọ́ dà jáde. Àwọn ìwé ti rin gbindin, òòrùn ò sì jáde. Bàbá gbé àpótí wá sílé wa tààrà, nítorí ìyá mi ló ní ààrò ìyanja tó tóbi jù.

"Ìyá Onísàwá, ẹ bá wa dáná. Ẹ má jẹ́ kó pọ̀."

Ìyá mi wo àpótí, ó wo àwọ̀n onírin tó ń to ẹja sí. "Bàbá, orúkọ tí ẹ gbàdúrà lé lórí, ibi tí mo ń yan sàwá lẹ fẹ́ kí n tẹ́ ẹ sí?"

"Ṣebí apẹja ni Jésù kọ́kọ́ pè."

"Apẹja ni, Bàbá. Kì í ṣe ẹja."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá mi ò rín. Ó fi ọṣẹ àti yanrìn fọ àwọ̀n náà títí ó fi ń dán, ó ní ká kọrin ìyìn kan, kó tó wá ṣáná sí èèpo àgbọn. A tẹ́ àwọn ìwé náà, a sì ń yí wọn padà bí ẹja, káàdì ìrìbọmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àwọn mùsùlùmí. Nígbà tó kan tèmi, ìyá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Etí rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ mi dúró.

Lọ́jọ́ Ajé, akọ̀wé ilé-ìwé, ọkùnrin kan tó wọ táì, gba káàdì náà, ó sì gbé e sún mọ́ imú.

"Níbo lẹ ti ń bọ̀, màmá?"

"Etí omi ni, sà."

"Mo kúkú ti ń gbóòórùn yín láti ẹnu ọ̀nà. Ṣé wọ́n ṣèrìbọmi fún ọmọ yìí ni, àbí wọ́n yan án?"

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ìjì ló ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa, orúkọ ò parẹ́."

Mo di aṣọ rẹ̀ mú. Akọ̀wé gbé káàdì sójú fèrèsé, ó ka orúkọ mi sókè, ó ka ọjọ́ tí wọ́n bí mi, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹ dìde, màmá. Ó ti jinná."

Wọ́n tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kàn, ṣùgbọ́n àpótí náà ò padà síbẹ̀ mọ́. Bàbá Kátíkíìsì fúnra rẹ̀ ló gbé e sórí àjà lókè ààrò ìyá mi, níbi tí omi kì í dé. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé rẹ̀ á wá sílé wa, ìyá mi náà á sì ní kó jókòó, kí àwọn kọ́kọ́ gbàdúrà. Nígbà tí àbúrò mi dé iwájú akọ̀wé yẹn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà ò bi í níbi tó ti wá. Ó gbóòórùn káàdì rẹ̀, ó kọ orúkọ abúlé wa sílẹ̀, ó sì béèrè bóyá màmá ti yan sàwá ọ̀sẹ̀ náà.